Àwo Obì tí A Fi Ń Ka Wàrà Ráṣídì

Tí mo bá rántí ilé wa ní Ṣàgámù, ìró omi tó ń kán láti ara obì tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ilé olóbì ni wá. Láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bó obì, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, tó sì ń tẹ́ ewé gbòdògì sínú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni ọ̀gá gbogbo wa. Àpótí kékeré kan ló máa ń jókòó lé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ tó náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń kà. Bí o bá mú obì kan ṣoṣo kúrò nínú òkìtì tó ti ṣà sílẹ̀, kò ní wo ojú rẹ rárá, yóò kàn ní, “Dá a padà.” Mo jí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí gbígbàgbé tí mo gbàgbé rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọdún náà, àwọn tíṣà wa yanṣẹ́ lódì, gbogbo àwa ọmọ iléèwé sì di òṣìṣẹ́ nílé. Èmi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ti tẹ̀lé ọkọ̀ obì lọ sí Kánò, epo bẹntiróòlù wọ́n, a kò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Oyún oṣù méje wà nínú ìyá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń po ẹ̀kọ fún wa, ló bá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó di ògiri mú. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀, àti Ìyá Àgbà tó sáré bọ́ sí títì láìwé gèlè, tó ń ké pé kí ẹnì kan dá ọ̀kadà dúró. Ẹ̀kọ náà jóná mọ́lẹ̀ ìkòkò. Èmi ni mo fi iyanrìn ha ìkòkò náà, mo ń ha á, mo ń sunkún, mi ò sì mọ èyí tí mò ń sunkún lé lórí, ìyá mi ni tàbí ẹ̀kọ.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó padà dé láti ilé ìwòsàn. Ìyá mi funfun lójú, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì so nǹkan kan mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ. Mo rò pé ẹrù ni. Ìgbà tí Ìyá Àgbà tú u wò ni mo rí i pé ọmọ ni. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ. Irun wẹ́wẹ́ wà ní gbogbo èjìká rẹ̀, awọ ara rẹ̀ sì tinrín débi pé a lè rí iṣan tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá Àgbà wò ó, ó wò ó, ó sì dá a padà síbi tó ti yọ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Mi ò rí i rí kí obìnrin náà rí nǹkan kó má sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ ìyá mi ní ohun tó máa ṣe. Ọmọ náà kò lágbára láti fa ọmú, nítorí náà kí ó máa fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ife kékeré, kí ó máa fi ṣíbí tíì kán an sí i lẹ́nu ní wákàtí méjì-méjì. Kò gbọdọ̀ mu omi. Kò gbọdọ̀ mu àgbo. Kò gbọdọ̀ kúrò ní àyà ìyá rẹ̀, torí òtútù lè pa á. Gbogbo èyí ni ìyá mi tò fún wa láti orí ibùsùn, pẹ̀lú ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà náà ní tirẹ̀ láti tò. Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ni ó ń sọ tí inú rẹ̀ kò bá dùn: “Éè mu omi kẹ̀? Nínú ooru yìí?” Ó ní wàrà tó kọ́kọ́ ń jáde, èyí tó pọ́n tó sì ki, ti pẹ́ jù nínú ọmú, pé ó ti bàjẹ́, pé dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ìyá mi ní nọ́ọ̀sì sọ pé ìyẹn gan-an ló dára jù. Èmi ni ife wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà ní, “Sìkírà, lọ dà á nù lẹ́yìnkùlé.” Ìyá mi ní, “Sìkírà, gbé e wá níbí.” Mo dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, mo gbé ife náà pamọ́ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ obì, mo sá lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Kí n tó padà dé, èèrà ti bò ó. Báyìí ni mo ṣe já àwọn méjèèjì kulẹ̀, tí ọmọ náà kò sì rí ìwọ̀nba tó jáde lọ́jọ́ náà mu.

Ohun tí ìyá mi ń rí fún kò tó nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà lára rẹ̀ ti gba agbára rẹ̀, a sì fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, a fún un ní ọbẹ̀ ẹja, síbẹ̀ ọmú kò yọ ju ẹ̀kán mélòó kan lọ. Láago mẹ́wàá ọmọ náà ké, igbe rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Láago méjìlá kò ké mọ́. Ìyá Àgbà bu omi sínú ife, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀ títí, ó sì gbé e padà. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti obì rẹ̀ tí kò sì mú obì kankan.

Ìyá Ẹ́sítà ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ayálégbé wa ni, yàrá tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì ni tiwọn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, Sátidé ni wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó dùn mọ́ Ìyá Àgbà nínú. Wọn kì í sì í jẹ obì, èyí tí kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, “O ń gbé ilé olóbì, o ò mọ bí obì ṣe ń dún lẹ́nu.” Ẹ́sítà, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, ó sanra, ọmú ìyá rẹ̀ sì pọ̀ tó fi máa ń rin búláòsì rẹ̀ gbingbin. Ìyá Ẹ́sítà kúnlẹ̀ níwájú àpótí Ìyá Àgbà.

“Màmá, ẹ má bínú sí mi. Mo gbọ́ pé ọmọ kò rí mu. Tèmi ń dànù. Ẹ jẹ́ kí n fún un sínú ife fún wọn.”

Ìyá Àgbà fà á dìde. Ó fi ọwọ́ nu ojú. “O ṣeun,” ló wá wí, “ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè.”

Ohun tó fẹ́ béèrè ni mo gbọ́ nígbà tó rán mi tẹ̀lé e. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin kan ti di ọmọ obìnrin náà. Àwọn ọmọ obìnrin yẹn di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn láéláé. Àáfà tó wà nítòsí wa ní ẹ̀kán kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀. Àáfà kejì, tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà lọ́nà Sábó, ní rárá o, àfi tó bá mu ún yó ní ìgbà márùn-ún. Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì di ti èkejì mú. Bí a ti ń bọ̀ nílé ló ń dá sọ̀rọ̀ pé, “Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin kò ní dí ọ̀nà kankan mọ́ ọn. Kó tó mu ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmú ìyá rẹ̀ yóò ti yọ.”

Ó gbé àwo tánganran kan tó ní òdòdó pupa létí sórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pè mí. “Ìwẹ Sìkírà, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mu tinú ife Ìyá Ẹ́sítà, mú obì kan láti inú igbá yìí, kí o fi sínú àwo. Tí ó bá di mẹ́rin, wá sọ fún mi, ó parí nìyẹn.” Inú mi dùn pé wọ́n fún mi níṣẹ́ tó tóbi tó báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó yé mi nínú rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní yóò di ọmọ Ìyá Ẹ́sítà. Èmi sì gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́: pé tó bá ti mu ún nígbà karùn-ún, Ìyá Ẹ́sítà yóò wá tú u kúrò ní àyà ìyá mi, yóò gbé e lọ sí yàrá wọn lọ́wọ́ òsì, wọn yóò sì máa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Tí kò bá mu ún, yóò kú. Tó bá mu ún, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Mo ní ọmọ mẹ́ta báyìí, mo sì mọ̀ pé ìrònú ọmọdé ni, àmọ́ títí dòní àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rí obì nínú àwo.

Ìyá Ẹ́sítà gbé ife àkọ́kọ́ wá, inú omi gbígbóná ló ti fọ̀ ọ́. Ìyá mi na ṣíbí sí ọmọ lẹ́nu. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín, ó sì ṣí ojú kan. Mo fi obì kan sí àwo. Ó mu lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, mo fi ìkejì sí i. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé, Ìyá Àgbà sì ń kùn pé ẹni tí kì í dáná lọ́jọ́ ìsinmi kò ní fún ọmú lọ́jọ́ ìsinmi. Kò tíì dákẹ́ tí Ìyá Ẹ́sítà fi yọjú pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn àti ife lọ́wọ́. “Màmá, ọmú kì í ṣe iṣẹ́,” ló wí, ó sì lọ. Ìkẹta nìyẹn. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó tún gbé òmíràn wá. Mo fi obì kẹrin sí i. Mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní, “Ìyá Àgbà, ó ti di mẹ́rin.” Ó ní òun gbọ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá mi tẹ ọmú tirẹ̀ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó jáde kò kún ìdajì ṣíbí.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, àáfà ọ̀nà Sábó fúnra rẹ̀ wá kí wa. Ìyá Àgbà fà á lọ́wọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Àlejò kò lè jókòó nílé olóbì láìrí obì jẹ. Apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́fà ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, mo lè fi ojú mi kà wọ́n. Igbá náà wà níbẹ̀, obì ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà na ọwọ́ sínú àwo tánganran, ó mú obì méjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù wọ́n, ó sì gbé wọn fún àáfà. Àáfà dúpẹ́, ó pa ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́. Ó wá béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe.

“Ọmú tí wọ́n ń yá a mu yẹn,” ó ní, “ìgbà mélòó ló ti mu ún?”

Ìyá Àgbà yíjú sí àwo. “Àwo nìyẹn. Ẹ bá mi kà á.”

Àáfà wò ó, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. “Méjì péré. Ó ṣì kù díẹ̀ fún yín. Ọlọ́run á dá a sí.”

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé méjì kọ́, pé ìyókù wà lọ́wọ́ yín, pé ẹ̀ ń jẹ ọ̀kan lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní, “Sìkírà, bu omi wá fún àáfà.” Mo lọ bu omi. Kí n tó padà dé, Ìyá Ẹ́sítà ti gbé ife dé ẹnu yàrá, Ìyá Àgbà sì ń sọ fún un pé, “Wọlé, wọlé, ààyè ṣì wà.” Ìkarùn-ún nìyẹn. Mo fi obì kan sí àwo, ó di mẹ́ta. Mo sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi, mo na ẹsẹ̀ mi dí ọ̀nà, kí Ìyá Ẹ́sítà má baà ríbi gba jáde pẹ̀lú ọmọ wa. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ife òfìfo lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá. Kò mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo rò pé bóyá ọ̀la ni yóò wá mú un.

Lọ́la, àwo náà tún di mẹ́rin, ìyá oníṣu sì yà kí wa. Ìyá Àgbà fi obì inú àwo ṣe é lálejò. Ọ̀túnla, Hausa tó máa ń ra obì lọ́wọ́ wa yà, òun náà jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àwo bá fẹ́ kún, àlejò ni yóò dé, tàbí kí eyín Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ máa yún un. Èmi ń fi sí i, òun ń mú kúrò, àwa méjèèjì kò sì sọ ọ́ síta. Mo rò pé ó ti darúgbó. Mo rò pé ó gbàgbé. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀, pé èmi ni mo ń tan Ìyá Àgbà, àáfà àti Ọlọ́run jẹ, nítorí mo dákẹ́. Tí a bá ń kírun, n kì í lè gbé orí mi sókè bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń ké dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ta ìyá mi láyà. Mo bínú sí ara mi, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé méjèèjì pọ̀.

Nígbà tó ṣe, ọmú ìyá mi yọ lójijì, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò retí rẹ̀ mọ́. Ó rin gbogbo aṣọ tó fi so ọmọ mọ́ àyà. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Ráṣídì. Bàbá mi ti Kánò dé pẹ̀lú agolo mílíìkì mẹ́ta tó rà fún un lọ́nà, ìyá mi ní nọ́ọ̀sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa ọmọ la sì fi tíì mu ún tán. Ìyá Àgbà fọ àwo tánganran, ó dà á dé sórí pẹpẹ. Kò bi mí léèrè iye tí mo kà. Èmi náà kò sọ fún un, mi ò sì lè sọ, torí ìbẹ̀rù ti da iye náà rú mọ́ mi lórí.

Ìdílé Ìyá Ẹ́sítà kó lọ sí ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó yá, àmọ́ wọn kì í fi Iléyá wa dùn wá. Iléyá kan tí Ráṣídì ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, Ẹ́sítà wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ti ga, ó ti ń di ọmọge. Àǹtí wa kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ìyàwó Ráṣídì ti dé o! Ẹ wá gba ìyàwó yín!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ráṣídì sá wọ yàrá. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì lákòókò yẹn, ìka ló fi ń ṣa obì. Kò gbé orí sókè.

“Má ṣe pè é ní ìyàwó rẹ̀ mọ́,” ló wí. “Éè lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni Ráṣídì mu ọmú ìyá rẹ̀.”

Ìyá Ẹ́sítà, tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún rí nípa àwo, fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi di òpó mú. Mẹ́tàdínlógún. Mo ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kiri fún bí ọdún méjìlá, mo rò pé tèmi ni.

“Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Sìkírà?” Ìyá Àgbà ní.

Mo mi orí, mo gbàgbé pé kò lè rí mi.

“Mo ní àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìwẹ ni mo ní kó o kà á.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà,” mo dá a lóhùn, èmi tí n kò mọ iye rẹ̀.